Kánsẹ́lọ̀ ní ká kọ ohun tí a fẹ́ lórí eré ìdárayá: kí ni kí n kọ?

Akọ̀wé Àdúgbò
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn odi. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ lándìlọ́ọ̀dù àdúgbò wa níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa wá sí ìpàdé lánàá. Nígbà tó sọ̀rọ̀ gọ́tà àti tiransifọ́mà tán, ó ní káńsù fẹ́ kí ará ìlú túbọ̀ máa ṣe eré ìdárayá, tọmọdé tàgbà, pé kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó fẹ́ wá kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí gbogbo ilé fi dìde: "Ife ẹ̀yẹ! Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ alága sọ ife ẹ̀yẹ!" Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wí.

Ìgbà tí mo délé tí mo ṣí ìwé náà, gbólóhùn kan péré ló wà níbẹ̀, ife ẹ̀yẹ náà ni. Mo wá ro àwọn tó wà nípàdé. A tó ọgọ́rin. Bí a bá ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún wa, bóyá èèyàn mẹ́jọ ló máa sáré dé ìdí gólì kí èémí tó gé wọn. Kí ni ife ẹ̀yẹ fẹ́ ṣe fún àwọn yòókù? Fún ìyàwó mi ńkọ́? Pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà lẹ́yìn ilé wa, àgádágodo ló wà lẹ́nu géètì rẹ̀. Owó káńsù kò pọ̀, a kò sì fẹ́ kọ ohun tí wọ́n á kà tán tí wọ́n á fi di ẹ̀pà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Kóòṣì Ìrọ̀lẹ́
Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ife ẹ̀yẹ kò burú, ẹ ṣáà má fi ṣáájú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kó àwọn ọmọ jọ nírọ̀lẹ́, mo sì ti kó wọn lọ síbi ife ẹ̀yẹ olóṣèlú tó tó méje. Bákan náà ni gbogbo wọn ṣe ń rí. Jẹ́sì tuntun á dé, àwòrán ọ̀gá á wà láyà rẹ̀, wọ́n á ta kánópì, wọ́n á gbé ẹ̀rọ orin jáde, ìlú á dùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ àṣekágbá, ọ̀gá á bọ́ sí pápá nínú agbádá, á gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n lè ya fọ́tò. Tó bá di Mọ́ńdè, ẹ wá wo pápá yẹn: ewúrẹ́ nìkan lẹ máa bá níbẹ̀. Ní ti jẹ́sì, ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni kí ẹ wá a lọ, òun ni wọ́n fi ń nu ọwọ́.

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ọmọ tó gba ife náà ti ń gbá bọ́ọ̀lù tipẹ́ kí alága tó dé. Ife náà kò mú ẹnì kankan jáde tí kì í jáde tẹ́lẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ géètì yẹn ni kí ẹ bèèrè. Báyìí, orí títì ni àwọn ọmọ àdúgbò mi ti ń gbá mọ́ńkí-póòsì, búlọ́ọ̀kù méjì níhìn-ín, búlọ́ọ̀kù méjì lọ́hùn-ún. Bí ọ̀kadà bá ń bọ̀, ẹnì kan á pariwo "ọkọ̀!", gbogbo wọn á dúró bí ère, ó bá kọjá, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí pápá gidi bá wù wọ́n, wọ́n á fo ògiri ilé ìwé. Nínú oṣù tó kọjá, ọmọ ọdún mọ́kànlá kan fò ó, àwókù ìgò tí wọ́n rì sórí ògiri ya á nítan. Èmi ni mo gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà lọ sí ọsibítù. Ojú mẹ́fà ni wọ́n rán an. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti wà lórí títì, ó ń tiro, ó ní òun ló máa ṣọ́ gólì.

Ẹni tó bá ń wò wọ́n látòkèèrè á ní wọn ò létò. Wọ́n létò ju ìpàdé lándìlọ́ọ̀dù lọ (ẹ má bínú, Akọ̀wé). Èèyàn márùn-ún ni sẹ́ẹ̀tì kan. Gólì méjì tàbí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, sẹ́ẹ̀tì tó bá pàdánù bọ́ sílẹ̀, èyí tó ń dúró wọlé. Kò sí rẹfirí, kò sì sí ìjà tó kọjá ariwo. Káńsù kò ní nǹkan tí ó fẹ́ kọ́ wọn. Kó ṣáà ṣí géètì.

Tíṣà Fẹ̀yìntì
Kóòṣì, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbẹnu sọ fún ẹni tó ti géètì. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan kí n tó fẹ̀yìn tì. Èmi náà ti géètì.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, gbayawu ni mo ṣí i sílẹ̀. Tí mo bá dé ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ìgbálẹ̀ ni mo ń kọ́kọ́ mú kí n tó mú ṣọ́ọ̀kì. Ìgbẹ́ á wà lẹ́yìn kíláàsì, àwókù ìgò á wà lórí pápá, ìdí igbó tí wọ́n mu á wà lábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n yọ ìlẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ lọ. Nígbà tí àwọn ọ̀gá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ wá, èmi ni wọ́n kọ̀wé sí pé kí n wí tẹnu mi, wọn ò kọ̀wé sí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá kọ irú ìwé yẹn sí ẹ lẹ́ẹ̀mejì, ìwọ náà á ra àgádágodo.

Nítorí náà, bí Akọ̀wé bá kọ ọ́ pé "ẹ ṣí géètì" tó sì dúró síbẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé á ṣí i lóṣù yìí, á tún tì í lóṣù tó ń bọ̀. Ìwé àdéhùn ló kù. Kí káńsù, ọ̀gá ilé ìwé àti ẹgbẹ́ lándìlọ́ọ̀dù jọ jókòó kí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́: aago mẹ́rin sí méje ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ ilé ìwé, aago mẹ́fà àárọ̀ ní Sátidé. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá fọ́ fèrèsé, ta ló ń san án? Kí ìyẹn náà wà níbẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Kí káńsù máa fún ọlọ́dẹ ní nǹkan lóṣooṣù, òun ni iṣẹ́ náà máa wọ̀ lọ́rùn. Kí wọ́n kọ́ ilé ìyàgbẹ́ kan tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí pápá, kí wọ́n fa omi ẹ̀rọ kan síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí àwáwí wọ kíláàsì. Owó ilé ìyàgbẹ́ yẹn kò ní pọ̀ tó owó kánópì àti ẹ̀rọ orin tí Kóòṣì sọ.

Láyé ìgbà tiwa, tí a bá ń ṣe íńtà-háùsì, kò sẹ́ni tó ń jókòó sílé. Eré ìje àwọn òbí ló ń gbẹ̀yìn. Mo rántí ìyá arúgbó kan tó so gèlè mọ́dìí tó sì já àwọn tó jù ú lọ ní ogún ọdún sílẹ̀... ẹ má bínú, ẹni tó fi ogún ọdún kéré sí i ni mo fẹ́ kọ. Ọjọ́ ogbó.

Ìyá Aláṣọ
Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ látòkè, bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù. Ẹ kú bọ́ọ̀lù o.

Akọ̀wé ló bèèrè ìyàwó rẹ̀, kò sì sí ẹni tó dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ mi ṣe ń rí. Aago márùn-ún àárọ̀ ni mo ń jí. Mo máa gbálẹ̀, mo máa wẹ ọmọ, mo dé ìsọ̀ ní aago mẹ́jọ, orí àga kan náà ni mo ń jókòó sí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Tí mo bá délé, iná oúnjẹ ni. Aago mẹ́rin sí méje tí Tíṣà sọ yẹn dáa fún ọmọ, kì í ṣe fún èmi.

Lọ́dún tó kọjá, àwa obìnrin mẹ́rìnlá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní àárọ̀ Sátidé, ká tó lọ sọ́jà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn, a ń kọrin, a ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, tírélà kan gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá báyìí, atẹ́gùn rẹ̀ gbé ìborùn lórí ẹnì kan nínú wa. Ó parí. Ojú títì ló lé wa, ọ̀lẹ kọ́. A gbìyànjú pápá kan, àwọn ọkùnrin tò sórí ògiri, wọ́n ń sọ pé "Màmá, ẹ gbé ẹsẹ̀ yẹn dáadáa," wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ padà síbẹ̀?

Tí ó bá jẹ́ tèmi, ohun tí Akọ̀wé máa kọ ni pé kí pápá náà jẹ́ ti obìnrin nìkan láti aago mẹ́fà sí méje àbọ̀ àárọ̀ Sátidé. Kí ẹni tó máa darí wa jẹ́ obìnrin, kó sì jẹ́ ẹni tí káńsù ń fún lówó ọkọ̀, torí ọ̀fẹ́ kì í pẹ́ tó fi ń sú èèyàn. Kí ẹni tó ní ọmọ lẹ́yìn lè gbé e wá, kí ìbòji wà tí a máa tẹ́ ẹní fún wọn. Ẹ má wulẹ̀ kọ́ wa ní eré òyìnbó. Tẹ́ńtẹ́ń ni a ta dàgbà, a mọ súwè. Ẹni tó bá rò pé tẹ́ńtẹ́ń kì í ṣe eré ìdárayá, kó wá ta á fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí n wò ó.

Nọ́ọ̀sì Ìlú
Ìyá Aláṣọ, ẹ ti bá mi sọ ìdajì ọ̀rọ̀ mi. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà máa lo ara fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, kí ọmọdé láti ọdún márùn-ún sókè máa lò ó fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́. Ìrìn kíákíá wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń rìn tí ẹ lè bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ó ti tó nìyẹn. (Ẹ̀yin tó ń kọrin, ẹ tún lè fi díẹ̀ kún un.) Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún ni.

Mo ń rí ẹ̀jẹ̀ ríru lójoojúmọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ní in ni kò mọ̀, àfi ìgbà tí apá àti ẹsẹ̀ kan bá rọ. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ràn nípa ètò ìlú Kìgálì, ní Rùwáńdà? Láti 2016 ni wọ́n ti ń ti àwọn títì kan mọ́ ọkọ̀ ní àárọ̀ Sọ́ńdè. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó wá di ẹ̀ẹ̀mejì. Àwọn èèyàn ń sáré, wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn elétò ìlera jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò ní sáré láéláé á wá torí àyẹ̀wò. Tó bá dé, á rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń rìn. Kí káńsù rán nọ́ọ̀sì kan láti ilé ìlera alábọ́dé wá sí pápá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru àti àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi ọ̀kadà gbé ọmọ tó ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ará Under-G
Títì tí wọ́n ń tì yẹn wù mí! Ẹ jẹ́ ká bẹ káńsù kó ti ọ̀nà Tákíè ní àárọ̀ Sọ́ńdè. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH á ya wá.

Òṣìṣẹ́ Káńsù Tẹ́lẹ̀
Àbúrò, ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ nìyẹn, káńsù kò lè dìde kó tì í. Àti pé Sọ́ńdè! Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ìjọ Onítẹ̀bọmi kún ìlú bí eéṣú, ta lẹ fẹ́ kó pàdé lójú títì lákòókò ìsìn? Àdúgbò ni kí ẹ mú, títì inú tó jẹ́ ti káńsù fúnra rẹ̀. Sátidé ni kó jẹ́, kó tó di aago mẹ́jọ, kó má kan Jímọ̀, kó má kan Sọ́ńdè. Okùn méjì àti ọmọ ẹgbẹ́ fijilańté méjì ti tó láti tì í.

Mi Ò Gbà
Gbogbo yín ń tan ara yín jẹ ni. Owó wo ni káńsù ní? Tí wọ́n bá ní in, ta ló máa náwó lórí tẹ́ńtẹ́ń? Ìbò ló ń bọ̀, ẹ máa wò ó. Ìwé tí Akọ̀wé bá kọ, ẹ máa bá a nídìí àkàrà.

Òṣìṣẹ́ Káńsù Tẹ́lẹ̀
Mi Ò Gbà, mo ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ nídìí àkàrà lóòótọ́, ẹ má rò pé mo fẹ́ bá yín jiyàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi ń débẹ̀. Ìwé tó bá ní "a ń bẹ̀bẹ̀ kí ìjọba ṣe àtìlẹ́yìn fún eré ìdárayá" kò ní ibi tí akáwó lè kọ ọ́ sí. Ìwé tó bá ní "ilé ìyàgbẹ́ olójú méjì, pápá ilé ìwé báyìí báyìí, iye tí káfíńtà àti bíríkìlà sọ rèé, ẹ̀dà àdéhùn pẹ̀lú ọ̀gá ilé ìwé rèé" ní ibi tí ó ń lọ. Ẹ tètè mú un lọ kí wọ́n tó ti ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀. January ni ọdún ìjọba ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá mú ìwé dé ní December, ó ti jẹ́ pé àṣekù ni yóò jẹ.

Ẹ sì má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé kì í ṣe iṣẹ́ káńsù. Nínú ìwé òfin 1999, ibi tí wọ́n ń pè ní Fourth Schedule, títì, iná ojú títì, gọ́tà, ọgbà ìtura àti ilẹ̀ gbangba wà nínú iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní ti owó, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a ní July 11, 2024 pé tààrà ni kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ bá a. Bí ó ṣe ń rí nílẹ̀, ìjà ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ju ti owó lọ ni ilẹ̀. Ẹ ṣe ìṣirò yìí pẹ̀lú mi. Pápá bọ́ọ̀lù tó péye jẹ́ mítà 105 ní gígùn, 68 ní ìbú. Bí ẹ bá gé e sí plọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ 60 ní ìbú, 120 ní gígùn, ó lé ní plọ́ọ̀tì mẹ́wàá. Ẹ wá fojú inú wo ohun tí ẹni tó ń ta ilẹ̀ ń rí nígbà tó bá wo ibi tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí wọ́n ta irú pápá bẹ́ẹ̀ kan. Kò sí ìwé, kò sí òpó ààlà, gbogbo èèyàn kàn mọ̀ pé "pápá ni." Ọjọ́ tí búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ balẹ̀, kò sí ìwé tí a lè nà sí ẹnikẹ́ni. Kí káńsù wọn gbogbo ilẹ̀ gbangba tó kù ní wọ́ọ̀dù yín, kí wọ́n ri òpó ààlà, kí wọ́n gbé pátákó síbẹ̀. Iṣẹ́ séféyọ̀ ni, kò gba kánópì. Bí ẹ bá sì rí ilẹ̀ tó tó plọ́ọ̀tì méjì péré, ẹ má kọ̀ ọ́, ó tó fún mọ́ńkí-póòsì Kóòṣì, àyè á sì tún kù.

Ọmọ Wa ní Lọ́ńdọ̀nù
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ẹ jẹ́ kí n fi tibí kún un. Eré kan wà tí wọ́n ń pè ní parkrun, àárọ̀ Sátidé ni, aago mẹ́sàn-án, kìlómítà márùn-ún, ẹni tó bá fẹ́ sáré á sáré, ẹni tó bá fẹ́ rìn á rìn. Ní ọgbà Bushy Park níbí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní October 2, 2004, èèyàn 13 péré ló sáré lọ́jọ́ náà. Báyìí ó ti dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Kò sí owó ìwọlé, kò sí ife ẹ̀yẹ. Àwọn tó ń sáré náà ló ń yọ̀ǹda ara wọn, lọ́sẹ̀ yìí o sáré, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ o di aago mú.

Ohun tí mo fẹ́ kí káńsù gbọ́ ni èyí: ní 2016, káńsù kékeré kan lẹ́bàá ìlú Bristol, níbi tí wọ́n ń pè ní Little Stoke, ní kí àwọn eléré yìí máa sanwó torí ẹsẹ̀ wọn ń ba ọ̀nà ọgbà jẹ́. Eré náà dópin níbẹ̀. Kò sí owó tó wọlé fún káńsù, kò sì sí ẹni tó ń sáré mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tíkẹ́ẹ̀tì sí ẹnu géètì yín, ìbáà ṣe ogún náírà.

Ọmọ Ọ̀yọ́
Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, a gbọ́ ìpàdé yín títí dé Àkẹ̀sán. Bọ́ọ̀lù nìkan lẹ mọ̀. Níbí, ọba wa gan-an kan ẹ̀ṣẹ́! Ìgbà èwe ni Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta, tó wàjà ní 2022, ti ń kan ẹ̀ṣẹ́, wọn ò sì fi eré ìdárayá sílẹ̀ nígbà tí wọ́n dàgbà.

Mo ní ọ̀rọ̀ méjì, mo sì ń lọ. Àkọ́kọ́, tẹ́nì orí tábìlì. Ọmọ ìpínlẹ̀ wa ni Quadri Aruna, òun ni ará Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ìpele ẹni mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní ti ẹlẹ́nìkan nínú Òlíńpíìkì, ní Rio, 2016. Tábìlì kan ni eré yẹn gbà, ó lè wà lábẹ́ ìbòji ìsọ̀ ọjà, ó lè wà ní gbọ̀ngàn àdúgbò. Bí wọ́n bá fi kọnkéré dà á, ẹnikẹ́ni ò lè jí i gbé, òjò ò sì lè rà á. Kàkà kí káńsù kọ́ pápá ìṣeré ńlá kan tí gbogbo èèyàn máa wọ ọkọ̀ kí wọ́n tó dé, kó da tábìlì kọnkéré mẹ́wàá sí àdúgbò mẹ́wàá.

Èkejì, àwọn tó ní ìpèníjà ara. Níbí ní Ọ̀yọ́ a ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ wọn, torí náà a máa ń rí wọn níta, ojú wa ti mọ́ ọn. Ní ìlú mìíràn, inú ilé ni wọ́n wà. Fọláṣadé Olúwáfẹ́míayọ̀ gba wúrà nínú gbígbé irin ní Paralympics Tokyo, ó tún gbà á ní Paris ní 2024. Bí ẹ bá ń kọ géètì àti ilé ìyàgbẹ́ sínú ìwé, ẹ kọ ọ́ pé kí ẹnu ọ̀nà fẹ̀ tó kẹ̀kẹ́ arọ, kí wọ́n má mọ àtẹ̀gùn síbẹ̀. Tí wọ́n bá ti mọ ọ́n tán, ẹnikẹ́ni ò ní fọ́ ọ mọ́.

Bàbá Ọlọ́pọ́n
Mo ti ń retí kí ẹnì kan dárúkọ ayò. Ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ kò rí nǹkan kan. Àwa àgbà tí orúnkún ń dùn, kí ni ẹ ní fún wa? Ẹ kọ ọpọ́n ayò mẹ́rin àti bẹ́ǹṣì sínú ìwé yẹn.

Nọ́ọ̀sì Ìlú
Bàbá, ayò dára fún ọpọlọ, ṣùgbọ́n ìdí ni ẹ fi ń jókòó ta á.

Bàbá Ọlọ́pọ́n
Ọmọ mi, láti ilé mi dé pápá yẹn, ìrìn ogún ìṣẹ́jú ni. Àlọ àtàbọ̀, ogójì. Ní ìlọ́po mẹ́rin lọ́sẹ̀, ṣírò rẹ̀ fún mi.

Nọ́ọ̀sì Ìlú
Ọgọ́jọ. Bàbá, ẹ ti borí mi. Akọ̀wé, ẹ kọ ọpọ́n ayò.

Kóòṣì Ìrọ̀lẹ́
Ẹ gbé ìjàkadì náà wọlé, ẹ̀kẹ. Ìyanrìn ọkọ̀ kan, ó parí.

Ọmọ Ọ̀yọ́
Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹ lọ gbàyè lọ́dọ̀ wọn ná.

Akọ̀wé Àdúgbò
Ẹ ṣeun gan-an. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Mo mú ìmọ̀ràn Tíṣà, mo lọ bá ọ̀gá ilé ìwé, obìnrin ni. Mo ti pèsè ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé màá bẹ̀ ẹ́. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó yọ ìwé méjì jáde, ìwé tí wọ́n kọ sí i pé kó wí tẹnu rẹ̀. Bí Tíṣà ṣe sọ gẹ́lẹ́. Mo ní kò ní jẹ́ ìwọ nìkan mọ́, ẹgbẹ́ lándìlọ́ọ̀dù máa tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú rẹ. Ó ní òun á fún wa ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ fún oṣù kan ná, Túsìdeè àti Sátidé, kí òun fi wò wá. Sátidé àárọ̀, ti obìnrin ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé òun máa wá, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun.

Bíríkìlà ti wọn ilé ìyàgbẹ́. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀, mo dúró tì í títí ó fi kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀. Séféyọ̀ wà nínú ìwé, tábìlì kọnkéré méjì wà níbẹ̀, ọpọ́n ayò mẹ́rin wà níbẹ̀. Ní ìpàdé, àwọn kan bínú pé ife ẹ̀yẹ dà. Mo fi sí ìlà tó kẹ́yìn, mo sì kọ ọ́ pé bí owó bá kù. Kánsẹ́lọ̀ kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò tíì rí irú ìwé yìí rí láti wọ́ọ̀dù wa. N kò tíì mọ̀ bóyá ìyìn ni àbí èébú.

Kóòṣì, ọ̀la ni Túsìdeè àkọ́kọ́. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Bàbá Ọlọ́dẹ. Ó ní tí gíláàsì kan bá fọ́, ilé mi lòun ń bọ̀ tààrà.

Kóòṣì Ìrọ̀lẹ́
Ẹ sọ fún Bàbá kó fọkàn balẹ̀. Félélé la máa fi bẹ̀rẹ̀, kò lè fọ́ gíláàsì. Aago mẹ́rin kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá, màá ti wà lẹ́nu géètì. Ọmọ tí ìgò ya nítan yẹn ti ní òun ló máa kọ́kọ́ gba ẹnu ọ̀nà wọlé.